Odò ńlá, ẹja trout, àti jíjù tí kò jìnnà

Ìbéèrè: Odò kéékèèké tí kò fẹ̀ ju mítà 5 lọ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi kòkòrò àtọwọ́dá pẹ trout. Ní báyìí, mo ti dé etí odò tó fẹ̀ tó 100 mítà. Mo ń fi gbogbo agbára mi ju okùn sí àárín odò, ẹja kankan ò tọ́ ọ wò. Ṣé kí n ra ọ̀pá tó gùn ju tèmi lọ ni, àbí kòkòrò tí mò ń lò ni kò bá omi yìí mu? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tí ẹja wà nínú omi tó lọ salalu báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra ọ̀pá. Ó sì ṣeé ṣe kí kòkòrò yín má mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó jọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé okùn yín ń fò kọjá lórí ẹja kó tó balẹ̀ síbi tí ẹ rò pé ẹja wà. Ọ̀rọ̀ Sókótó àti ṣòkòtò ni. Nínú odò ńlá, ọ̀pọ̀ trout tó ń jẹun kì í jìnnà ju mítà 10 sí etí omi. Òmíràn wà níbi tí omi ò ti mu ju orúnkún lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ apẹja ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá kí wọ́n lè ráyè ju okùn jìnnà. Àárín odò tó ń sáré, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú láìsí òkúta, kò fún ẹja ní ibi ìsinmi. Bí ẹja bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ó ṣòro púpọ̀ láti dúró létí odò kí ẹ sì mú kí kòkòrò rìn bó ṣe yẹ ní ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí: agbára àti oúnjẹ ni gbogbo ìṣirò trout. Nínú omi tó ń ṣàn, kì í sábà rìn káàkiri wá oúnjẹ. Ojú kan ló ń dúró sí, á kọjú síbi tí omi ti ń bọ̀, omi á sì máa gbé oúnjẹ wá bá a. Bí omi bá yára jù, agbára tó ń ná láti dúró á ju oúnjẹ tó ń rí lọ. Bí omi bá dúró gbagidi, oúnjẹ ò ní dé. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá ibi tí omi jẹ́jẹ́ ti fara kan omi tó ń sáré. Á sinmi sínú omi jẹ́jẹ́, á yọ sínú èyí tó ń sáré láti já oúnjẹ gbà, á sì padà. Ohun kẹta tó ń wá ni ibi ìsásí: omi tó jìn díẹ̀, òjìji igi, ẹ̀gbẹ́ òkúta, tàbí ojú omi tó ń ru tí ẹyẹ ò fi ní rí i látòkè.

Nínú odò kékeré, ẹ̀ẹ̀kan lojú ń rí gbogbo èyí. Odò ńlá ń fi í pamọ́, torí pé ojú rẹ̀ jọ ara wọn láti etí kan dé èkejì. Ẹ yan mítà 30 péré ní gígùn, kí ẹ má sì ka ohunkóhun tó bá kọjá mítà 10 sí etí omi kún rárá. Ẹ mú un bí odò kékeré tí ẹ ti mọ̀ ọ́n pẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ fún bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wo omi láìju ohunkóhun. Awò ojú polarized, tó ń gé ìtànṣán orí omi kúrò, ṣe pàtàkì níbí ju ọ̀pá olówó ńlá lọ, torí pé òun ló máa jẹ́ kí ẹ rí bí ilẹ̀ odò ṣe rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wá ni ààlà láàárín omi méjì tí ìyára wọn yàtọ̀. Ìlà tí ìhó, ewé àti ìdọ̀tí wẹẹrẹ ń tẹ̀ lé lórí omi ni yóò fi hàn yín. Ibi tí ìhó bá ń kó jọ sí, ibẹ̀ náà ni oúnjẹ ń kọjá. Ẹ fojú wọn ìyára rẹ̀: bí ìhó kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10 láti rin mítà 3, omi náà bá trout tó ń jẹun mu. Bó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 2 rìn ín, ẹja tó bá wà níbẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ odò tàbí ẹ̀yìn òkúta. Bó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹja lè wà níbẹ̀ o, àmọ́ yóò ráyè wo kòkòrò yín fínnífínní kó tó lanu.

Ẹ tún wá ibi tí ilẹ̀ odò ti ṣàdédé já sísàlẹ̀. Àwọ̀ omi ló ń sọ ọ́: ibi tí omi ti ń mọ́lẹ̀ bí àwọ̀ òkúta, tó wá di àwọ̀ ewé tàbí búlúù lójijì. Eteetí àjálẹ̀ yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tó dára jù nínú odò ńlá, torí pé kòkòrò tó ń gbé láàárín òkúta ní ibi tí omi ò jìn ni omi ń já wálẹ̀ síbẹ̀. Omi tó ń sáré lórí òkúta ní ìwọ̀n orúnkún sí itan náà kò ṣeé fojú fò. Ojú rẹ̀ tó ń ru ń bo ẹja mọ́lẹ̀, atẹ́gùn tó ń wọ inú rẹ̀ pọ̀, kòkòrò sì kún ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọjá rẹ̀ lọ sí ibú tó dákẹ́, èyí sì jẹ́ àṣìṣe ńlá, pàápàá ní àkókò ooru.

Ní ti òkúta ńlá tó wà nínú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń ju okùn sí. Iwájú òkúta náà ní ìrọ̀rí omi kan tí ẹja fi ń sinmi, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ní ààlà tirẹ̀. Bí ẹ bá rí erékùṣù nínú odò, orí rẹ̀ níbi tí omi ti pín sí méjì, àti ìdí rẹ̀ níbi tí omi méjèèjì ti tún pàdé, dára ju gbogbo àárín odò lọ. Ẹ̀ka odò tó bá gba ẹ̀yìn erékùṣù kọjá ni ẹ̀bùn tó tóbi jù fún ẹni tí odò kékeré tọ́ dàgbà, torí pé gbogbo ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí àtúnṣe.

Ẹ ṣọ́ra ní ibi tí omi ti ń yí po létí odò. Níbẹ̀, omi ń padà sẹ́yìn, ẹja sì máa ń kọjú síbi tí omi ti ń bọ̀ wá bá òun, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ìsàlẹ̀ odò ló kọjú sí, tó ń wo yín lójú kòrókòró. Ẹ wo bí ìhó ṣe ń rìn kí ẹ tó pinnu ibi tí ẹ ó gbà sún mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ìpẹja run lórí odò ńlá, ìyẹn ni kí okùn máa wọ́ kòkòrò. Kòkòrò gidi tó bọ́ sínú omi ń rìn ní ìyára omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, kò yára jù ú, kò sì lọ́ra jù ú. Tí ẹ bá ju okùn mítà 20, ó lè gun omi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ìyára wọn yàtọ̀ síra. Èyí tó yára jù yóò fa okùn lọ, okùn á tẹ̀ bí ọrun, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ kòkòrò gba orí omi kọjá. Trout rí i, ó sì mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ́. Nígbà míì, wíwọ́ náà kéré débi pé ẹ ò ní rí i láti ibi tí ẹ wà, àmọ́ ẹja ń rí i. Ìdí rèé tí mo fi sọ pé jíjù tó wà láàárín mítà 6 sí 12 ló yẹ kí ẹ máa lò. Ní ìwọ̀n yẹn, ẹ lè gbé ọ̀pá sókè kí ọ̀pọ̀ okùn kúrò lórí omi pátápátá, ẹ lè rí kòkòrò, ẹ sì lè fa ìwọ̀ kó kọ́ ẹja lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ibi tó wù yín bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rìn sún mọ́ ọn bí omi bá gbà, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Títún okùn tẹ́ ni oògùn rẹ̀. Bí omi tó ń sáré bá wà láàárín ẹ̀yin àti omi jẹ́jẹ́ tí kòkòrò wà, ẹ fi orí ọ̀pá gbé okùn tó wà lórí omi, kí ẹ yí i sí apá òkè odò, ìyẹn ibi tí omi ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ pé omi jẹ́jẹ́ ló wà níwájú yín, tí kòkòrò wà nínú omi tó ń sáré, apá ìsàlẹ̀ odò ni ẹ ó yí i sí. Ẹ ṣe é kí okùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa. Tí kòkòrò bá ti ń wọ́, ó ti pẹ́ jù. Ẹ má fi ọwọ́ líle ṣe é débi tí kòkòrò máa fò kúrò níbi tó wà: ẹ gbé okùn gan-an kúrò lórí omi kí ẹ tó yí i, ẹ má wọ́ ọ lórí omi. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ ti tún un tẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Bí okùn bá ti ń nà lọ síwájú lẹ́yìn tí ẹ dá ọ̀pá dúró, kó tó balẹ̀, ẹ na apá àti ọ̀pá sí apá òkè odò. Okùn á balẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kòkòrò á sì rin mítà mélòó kan lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó ní láti fọwọ́ kàn án. Ẹ fi wákàtí kan kọ́ èyí kí ẹ tó ronú nípa jíjù tó jìnnà. Lójú tèmi, kò sí ohun mìíràn tó máa tètè yí èrè yín padà lórí odò ńlá tó o.

Ní ti ohun èlò, ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9, nọ́ńbà 5, tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ gan-an níbẹ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ ju ìdẹ tó wúwo, nọ́ńbà 6 dára jù. Nọ́ńbà yìí ń tọ́ka sí ìwúwo okùn jíjù: ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ nínú okùn nọ́ńbà 5 wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 9, ti nọ́ńbà 6 sì lé díẹ̀ ní gíráàmù 10. Okùn tó ń léfòó, tí iwájú rẹ̀ sanra, ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ okùn, ẹ ní okùn àfẹ̀yìntì tó tó mítà 90, torí pé nínú odò ńlá, ẹja tó lágbára lè fa gbogbo okùn jíjù tán. Níwájú, ẹ so okùn tínrín ẹsẹ̀ bàtà 9 mọ́ ọn; lórí omi tó tẹ́jú bíi dígí, ẹ fi kún un títí á fi tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹnu okùn tínrín náà ni kó bá ìwọ̀n kòkòrò mu: ẹ fi 3 pín nọ́ńbà ìwọ̀ (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni ìwọ̀ ṣe kéré tó), ohun tó bá jáde ni nọ́ńbà X tó bá a lọ, ìyẹn òṣùwọ̀n bí okùn ṣe tínrín tó: bó bá ṣe ga tó ni okùn ṣe tínrín tó. Ìwọ̀ nọ́ńbà 12 gba 4X, tó nípọn tó mílímítà 0.18, nọ́ńbà 16 gba 5X, tó jẹ́ 0.15. Bí ẹnu okùn bá nípọn jù, kòkòrò ò ní rìn lómìnira. Bó bá tínrín jù, á máa lọ́ pọ̀ bí ẹ bá ń jù ú, ẹja ńlá á sì já a.

Ọ̀pọ̀ ohun tí trout ń jẹ, abẹ́ omi ló ti ń jẹ ẹ́, nítorí náà bí ẹ ò bá rí ẹja tó ń yọjú, kòkòrò tó ń rì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ so ìléfòó kékeré mọ́ okùn tínrín. Kí gígùn láti ìléfòó dé kòkòrò jẹ́ ìlọ́po 1.5 ìjìn omi: tí omi bá jìn tó mítà 1.2, ẹ fi mítà 1.8 sílẹ̀. Ẹ lè so kòkòrò méjì, kí èyí tó wúwo wà lókè, kí èyí tó fúyẹ́ tẹ̀ lé e ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50. Pat's Rubber Legs nọ́ńbà 8 tàbí Hare's Ear nọ́ńbà 14 lókè, Pheasant Tail nọ́ńbà 16 tàbí 18 nísàlẹ̀, yóò bá ọ̀pọ̀ odò mu. Lórí odò tó wà lábẹ́ ìsédò, kòkòrò tó kéré gan-an, bíi Zebra Midge nọ́ńbà 18 sí 20, sábà máa ń ṣe dáadáa jù. Bí ìwúwo kò bá tó, ẹ fi òjé wẹẹrẹ kan sórí okùn ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí òkè kòkòrò àkọ́kọ́.

Omi tó wà nítòsí ilẹ̀ odò lọ́ra ju ti ojú omi lọ, torí pé òkúta ń fà á sẹ́yìn. Kòkòrò yín ní láti máa rìn ní ìyára ti ìsàlẹ̀ yẹn. Nítorí náà, ẹ wo ìléfòó pẹ̀lú ìhó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí ìléfòó bá lọ́ra ju ìhó lọ díẹ̀, kòkòrò ti dé ibi tó yẹ. Bí wọ́n bá ń rìn pọ̀ ní ìyára kan náà, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ṣì wà lókè jù. Ẹ fi òjé kan kún un tàbí kí ẹ fi gígùn kún un. Bí ẹ bá ń há sí òkúta ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jù ú, ẹ dín in kù. Kó máa fara kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni ìwọ̀n tó tọ́. Ẹ tún ìjìn ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó pààrọ̀ kòkòrò lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ apẹja ń ṣe òdìkejì èyí: wọ́n á kó kòkòrò ogún jáde nínú àpótí, gbogbo wọn á sì kọjá ní ìdajì mítà sókè orí ẹja.

Bí ìléfòó bá dúró, tó rì, tàbí tó yí ẹ̀gbẹ́, ẹ fa ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ apá ìsàlẹ̀ odò. Trout kọjú sí òkè odò, nítorí náà fífà sísàlẹ̀ ń wọ́ ìwọ̀ wọ igun ẹnu rẹ̀. Fífà sókè odò lè yọ ọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má dúró láti mọ̀ bóyá òkúta ni.

Tí ẹja bá ń yọjú, ẹ wo bó ṣe ń yọjú kí ẹ tó yan kòkòrò. Bí imú rẹ̀ bá yọ, tí ìhó kékeré kan sì kù sórí omi lẹ́yìn rẹ̀, orí omi ló ti gbé oúnjẹ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn àti lẹbẹ ìrù nìkan lẹ rí, láìsí ìhó, kòkòrò tó ń gòkè bọ̀ lábẹ́ omi ló ń jẹ, eṣinṣin tó léfòó ganrínganrín kò sì ní wù ú. Fún ẹja tó ń jẹun lórí omi, Parachute Adams nọ́ńbà 14 sí 18 àti Elk Hair Caddis nọ́ńbà 14 sí 16 tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹja bá wò ó tó sì kọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé okùn ò wọ́ ọ. Tí kò bá wọ́, ẹ gbé irú kan náà tí ìwọ̀n rẹ̀ fi ìpele kan kéré sí i kí ẹ tó yí àwọ̀ padà. Ẹja tó wà ní ìjìn mítà 1 ń rí ojú òkè omi nínú òbìrìkítí tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 2.3, nítorí náà kí kòkòrò balẹ̀ ó kéré tán mítà 1.5 sí òkè odò ibi tó ti yọjú. Lórí omi tó tẹ́jú bíi ti odò Missouri ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, nísàlẹ̀ ìsédò Holter, ó dára kí ẹ dúró ní apá òkè odò ẹja náà, kí ẹ jù ú sísàlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kó lè jẹ́ pé kòkòrò ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe okùn. Bó bá gbé e, ẹ jẹ́ kó pa ẹnu dé kó sì yí orí sísàlẹ̀ kí ẹ tó gbé ọ̀pá. Ìkánjú ló ń gba ìdẹ kúrò lẹ́nu ẹja níbí.

Ọ̀nà kan wà tó bá odò ńlá mu ju odò kékeré lọ: jíjù kọjá omi, kí ìdẹ máa fì bọ̀ wá sí etí odò. Ẹ jù ú ní ìdagẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ tún okùn tẹ́ sókè odò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó fì jẹ́jẹ́ títí á fi wà ní tààrà nísàlẹ̀ yín. Ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ gbé ìgbésẹ̀ méjì sísàlẹ̀ odò, ẹ tún jù ú. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe gbá gbogbo omi náà mọ́ láìfo ibì kankan. Ó dára gan-an fún omi tó ń rìn déédéé, tí ìjìn rẹ̀ kò ju mítà 1 sí 1.5 lọ, tí kò ní àmì kan tí ẹ lè tọ́ka sí. Bí ẹja bá gbé e, ẹ má fa ohunkóhun; ẹja ló ń kọ́ ara rẹ̀.

Ìdẹ tó jọ ẹja kékeré, bíi Woolly Bugger nọ́ńbà 6, ni tiyín ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, tàbí tí omi pọ́n díẹ̀, tàbí ní kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́. Ẹnu okùn tó nípọn, 0X sí 2X, ni kó gbà. Ẹ jù ú sí ẹ̀gbẹ́ etí odò tàbí ẹ̀gbẹ́ òkúta, kí ẹ fi ọwọ́ fa okùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún fà. Nígbà tó bá dúró ni ẹja sábà máa ń gbé e. Ọwọ́ lẹ ó fi fa okùn gbọn-in láti kọ́ ọ, ẹ má gbé ọ̀pá sókè.

Lẹ́yìn tí ìwọ̀ bá ti kọ́ ẹja ńlá, omi ni ọ̀tá yín ju ẹja lọ. Á sá wọ omi tó ń sáré láàárín odò, á sì fi ìwúwo omi kún agbára tirẹ̀. Ẹ má dúró sójú kan kí ẹ máa fà á gòkè bọ̀. Ẹ rìn létí odò sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi wà ní ọ̀gangan rẹ̀ tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ máa yí orí rẹ̀ wá sínú omi jẹ́jẹ́. Nítorí èyí, kí ẹ tó ju okùn rárá, ẹ ti wo ọ̀nà tí ẹ ó gbà rìn.

Ọ̀rọ̀ rírìn nínú omi kò gba àwàdà. Bí ìyára omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ẹsẹ̀ yín di ìlọ́po mẹ́rin. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí odò ńlá, àárín itan ni òpin nínú omi tó ń sáré. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kọ omi, ẹ mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ ní apá òkè odò, ẹ máa fa ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì láìfi wọ́n dá àgbélébùú. Ẹ di bẹ́líìtì ṣòkòtò onírọ́bà tí ẹ fi ń wọ omi pinpin, kí omi má bàa ya wọ inú rẹ̀ bí ẹ bá ṣubú. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ yín kọjú sí ìsàlẹ̀ odò, kí ẹ máa wẹ̀ bọ̀ wá sí etí ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti dìde dúró nínú omi tó ń sáré, torí òkúta lè há ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí odò náà bá wà nísàlẹ̀ ìsédò tó ń pèsè iná mànàmáná, wọ́n lè tú omi sílẹ̀ nígbàkigbà. Ẹ yẹ àkókò ìtúsílẹ̀ wò ṣáájú. Ẹ fi òkúta kan sámì sí etí omi: bí omi bá bò ó, tàbí tí ewé àti igi wẹẹrẹ bá ṣàdédé pọ̀ lórí omi, ẹ jáde lójú ẹsẹ̀, àní bí ẹja bá wà lórí ìwọ̀.

Ẹ ní tẹmọmítà lọ́wọ́. Trout máa ń jẹun dáadáa nígbà tí omi bá wà láàárín 10 sí 16°C. Nísàlẹ̀ 5°C, ó ń lọ sínú omi tó jìn tó sì lọ́ra, kì í sì í rìn jìnnà gba oúnjẹ; ẹ ní láti gbé kòkòrò dé ẹnu rẹ̀. Bó bá ti pé 20°C, ẹ ká okùn. Omi gbígbóná kì í lè mú atẹ́gùn dání tó ti tútù: ní 10°C, lítà kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 11.3, ní 20°C, 9.1 ni. Ẹja tó bá bá yín jà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè lúwẹ̀ẹ́ lọ kó sì kú lẹ́yìn náà. Ní Montana, bí omi bá gbóná jù, ìjọba lè fòfin de ìpẹja láti aago 2 ọ̀sán títí di ọ̀gànjọ́ òru lórí àwọn odò kan. Omi tó ń jáde látìsàlẹ̀ ìsédò máa ń tutù nígbà ooru, ìdí rèé tí irú odò bẹ́ẹ̀ fi ń dára nígbà tí àwọn yòókù ti gbóná.

Bí ẹ bá máa dá ẹja padà, ẹ tẹ eyín ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi omi rin ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ yọ ìwọ̀ náà nígbà tí ẹja ṣì wà nínú omi. Bó bá di dandan kí ẹ gbé e sókè, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Ẹ dì í mú jẹ́jẹ́, kó kọjú sí òkè odò, títí á fi fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà ìwọ́wé fún brown trout, nígbà ìrúwé fún rainbow, ẹ máa rí àwọn ojú òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ funfun ju àyíká wọn lọ: ẹyin wà lábẹ́ wọn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì ju okùn sí ẹja tó wà lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé bàtà omi láti odò kan lọ sí òmíràn, ẹ fọ gbogbo amọ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì sá a kó gbẹ dénú. Wọ́n rí èèhọ̀ tí wọ́n ń pè ní didymo ní New Zealand ní 2004. Ní 2008 ni wọ́n sì fòfin de bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ felt (aṣọ tó nípọn tó ń fa omi mu) níbẹ̀, torí pé ọ̀rinrin ń pẹ́ nínú rẹ̀, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn sì lè wà láàyè dé odò kejì. Bàtà onírọ́bà tó ní ìṣó irin nísàlẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ lò.